Ohùn Tíṣà Nínú Àpótí Akọrin

Ìpolówó awò ojú ni ó kọ́kọ́ bí Tíṣà nínú. Bí ó bá ti tan kọ̀ǹpútà ilé láti wá orin tàbí ìròyìn, awò ojú ni yóò kọ́kọ́ yọ sí i, lẹ́yìn náà oògùn ojú, lẹ́yìn náà ọ̀pá fún àwọn tí kò ríran dáadáa.

"Ẹ̀rọ yìí mọ nǹkan nípa mi," ni ó wí. "Ta ló sọ fún un?"

Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ọ̀gá Akọrin, fẹ́ fi àwàdà pa á rẹ́. "Bóyá òun náà wá sí ìpàdé àdúrà."

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà tán ni ó ti mọ̀ pé orí egbò ni òun fi ọwọ́ lé.

Egbò náà kò tíì jinná. Dókítà ti sọ pé ojú Tíṣà ń ṣú lọ, pé bí wọn kò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti apá ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò kú pátápátá. Tíṣà sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ kéékèèké ni ó ń kọ́ ní ìwé kíkà, ó sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀wé kà tán kí ọ̀gá ilé-ìwé tó gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́ kan, obìnrin kan tí ó ń kọ ohùn òkè nínú akọrin dìde, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí Olúwa rántí Tíṣà wa tí ojú rẹ̀ ń fọ́ lọ. Gbogbo ilé ṣe àmín. Ọ̀gá ilé-ìwé wà níbẹ̀. Òun náà ṣe àmín. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ Tíṣà, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì àti ìgbálẹ̀ sí.

Ó bi obìnrin náà léèrè ibi tí ó ti gbọ́ ọ. "Wọ́n ní ká fi yín sínú àdúrà ni, mà," ni ìyẹn wí, ó sì ń wo ilẹ̀.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà bá jókòó, ó rò ó wò. "Ẹni méjì ni mo sọ fún," ni ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Ọ̀kan ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Àbúrò yìí ni ó ti ṣèlérí láti bá a lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, kí ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú bọ̀ wálé. Tíṣà pè é ní ẹlẹ́nu jíjò, ó ní kí ó jókòó sílé rẹ̀, òun yóò bá aládùúgbò lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ fún ẹnì kankan," ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó wí i títí ẹkún fi gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀gá Akọrin gbọ́ ẹkún náà láti orí àga tí ó jókòó sí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé, "Dárí jì í. Ọmọ ìyá rẹ ṣì ni." Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ a máa fúyẹ́, bíi ti ẹni tí ó ṣe ìfẹ́ Olúwa láàárọ̀.

Báyìí, iṣẹ́ abẹ ku ọ̀sẹ̀ kan, ìpolówó awò ojú kò sì yé yọ. Ọ̀gá Akọrin ránṣẹ́ pe Báàsì.

Báàsì dé ní ọ̀sán Sátidé, ó fi àpò kọ́ èjìká. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, òun ni ó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí olè má baà wọ inú wọn. Nínú akọrin, òun ni òpó ohùn ìsàlẹ̀. Tíṣà a máa sọ pé bí ó bá kí èèyàn káàárọ̀, tábìlì ni yóò kọ́kọ́ dáhùn.

"Ọ̀gá, páásíwọ́ọ̀dù yín ńkọ́?"

Ọ̀gá Akọrin sọ ọ́. Nọ́ńbà orin tí akọrin fi máa ń parí ìdánrawò ni.

Báàsì gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Orin tí gbogbo wa mọ̀ sórí. Ọ̀gá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn lára."

"Kí n má baà gbàgbé ni. Orí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gba nǹkan mọ́."

"Ó ṣáà gba ibi tí mo ti ṣi ohùn kọ níjọ́sí. Ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé."

Tíṣà, tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé tí ó ń ká aṣọ gbígbẹ, bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

"Mà," ni Báàsì wí fún un, "àlejò tó bá ń bá yín gbélé lọ́fẹ̀ẹ́, tí kì í bèèrè kọ́bọ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó ń wá. Bí àwọn ètò inú ẹ̀rọ yìí ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá wá níbẹ̀ ni wọ́n ń rò fún àwọn ọlọ́jà. Ẹ ti fi ẹ̀rọ yìí wá ọ̀rọ̀ ojú, àbí?"

"Mo wá a."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Màá kó wọn jáde tigbá tìyẹ̀fun. Ètò tí màá fi rọ́pò wọn kì í rojọ́ ilé síta. Á tún ti ohun gbogbo pa, tó fi jẹ́ pé bí olè bá gbé ẹ̀rọ yìí lọ, òkúta ló gbé. Ṣùgbọ́n ó máa nu inú ẹ̀rọ mọ́ kó tó wọlé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ohun tẹ́ ẹ fẹ́ pamọ́."

Fóònù Tíṣà dún lórí tábìlì. Ọ̀gá Akọrin wò ó. "Àbúrò rẹ ni."

"Ẹ jẹ́ kó dún."

Ó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Tíṣà gbé aṣọ tí ó ti ká, ó wọ yàrá lọ.

Báàsì ṣí ètò tí akọrin ń lò. Ọ̀gá Akọrin fúnra rẹ̀ ni ó máa ń kọ ohùn kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, ohùn òkè títí dé ìsàlẹ̀, kí olúkúlùkù lè gbọ́ tirẹ̀ nílé. Tẹ́lẹ̀, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó sú u, ètò náà bi í bóyá kí òun máa kó gbogbo ohùn tí a bá gbà sórí ẹ̀rọ yìí lọ fúnra òun sínú àpótí akọrin, ibi tí gbogbo akọrin ti lè ṣí wọn gbọ́. Ó tẹ "Mo gbà" bí ẹni tí ó lé eṣinṣin.

"Ohùn òkè," ni Báàsì ń kà. "Ohùn àárín. Ohùn ìsàlẹ̀, tèmi nìyẹn. Èyí ńkọ́? Kò lórúkọ." Ó tẹ̀ ẹ́.

"Baba mi," ni ohùn obìnrin kan wí jẹ́jẹ́, "ìlà ìwé ń dàpọ̀ mọ́ mi lójú. Ẹ̀rù ń bà mí. Àwọn ọmọ yẹn ò tíì mọ̀wé..."

Báàsì yára pa á. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń wo ògiri.

Láti ìgbà ọmọdébìnrin ni Tíṣà ti máa ń kọ àdúrà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni ó wí fún un pé, "Sọ ọ́ sí kọ̀ǹpútà. Tẹ ibi pupa yìí, kí o sì máa sọ̀rọ̀." Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n náà. Tíṣà a gbé kọ̀ǹpútà náà wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti kọ́ni, a sì gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀. Kò mọ̀ pé ọkọ òun ti ṣí ilẹ̀kùn mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn òun, tí ó dojú kọ gbogbo akọrin.

"Ta ló ti gbọ́ ọ?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ohùn tirẹ̀ tó sì ṣìnà débẹ̀. Èmi ò débẹ̀ rí. Tí mo bá ti gba ohùn ìsàlẹ̀, ó parí."

Ọ̀gá Akọrin rántí obìnrin ohùn òkè tí ó ń wo ilẹ̀. Ta ni yóò lójú láti sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, mo gbọ́ àdúrà rẹ látòkè délẹ̀, mi ò sì pa á? Lẹ́yìn náà ó rántí ara rẹ̀ lórí àga, tí ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí ó dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀.

Báàsì ń tẹ nǹkan, kò gbójú sókè. "Mo ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú àpótí akọrin. Ohun tó kù nínú ẹ̀rọ, ètò tuntun máa nù ún mọ́. Tí mo bá tẹ ibi yìí, kò sí ibi téèyàn á ti rí i mọ́ láé. Ọ̀rọ̀ ilé yín ni, Ọ̀gá. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ojú ẹ̀rọ ń bèèrè: ṣé kí a nu ohun gbogbo? Ọ̀gá Akọrin wò ó. Ewé ọ̀pọ̀tọ́ tí a fi ń bo ìhòòhò nìyí, tí a gé ní ìwọ̀n òun gan-an. Ó sì ń wí fún ọkàn rẹ̀ pé kí Tíṣà lọ fún iṣẹ́ abẹ ní àlàáfíà ná, pé bí ojú bá là tán, a óò sọ ọ́.

Tíṣà wọlé, ó gbé omi wá. Ó fi ìka wá etí tábìlì kí ó tó sọ àwo náà kalẹ̀. "Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ń yọjú wò wá?"

Báàsì gbé ife omi, ó gbé e mì, ó gbé e mì.

"A ṣì ń wò ó," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Mi ò tiẹ̀ bínú sí i mọ́. Ẹ̀rọ lásán ni. Kò bá mi mu ọmú kan náà."

Ọ̀gá Akọrin na ọwọ́, ó gbé ọwọ́ Báàsì kúrò lórí ẹ̀rọ. "Má tẹ̀ ẹ́. Tíṣà, jókòó."

Báàsì gba ẹ̀yìnkùlé lọ láìjẹ́ pé wọ́n lé e. Ọ̀gá Akọrin sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi pupa tí ó kọ́ ọ láti tẹ̀, "Mo gbà" tí kò kà, àpótí akọrin. Ó fi kún un pé, "Mo tún purọ́ fún ọ nísinsìnyí, nígbà tí o gbé omi wá."

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ," ni Tíṣà wí.

Ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ ìbẹ̀rù náà, wọ́n gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì. Ní ìparí, ohùn náà ní, "Mo dúpẹ́ nítorí àbúrò mi, tó ní òun á di ọwọ́ mi mú."

Ẹ̀rọ dákẹ́. Tíṣà ń fi àtàǹpàkò nu etí tábìlì, bí ẹni pé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dárí jì í."

"Èmi ni."

"Lójoojúmọ́. Èèyàn dáadáa."

Ọkọ rẹ̀ gbé fóònù rẹ̀ sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ bá mi pè é."

Ó pè é, ó sì na fóònù sí i. Àbúrò gbé e lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi?" Tíṣà la ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọkọ rẹ̀ bá tẹ̀ síwájú, ó sì sọ̀rọ̀ sínú fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Àbúrò, èmi ni. Èmi ni mo tú àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ síta. Àìkíyèsí mi ni. O ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Àbúrò jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀."

"Mo pè ọ́ ní ẹlẹ́nu jíjò," ni Tíṣà wí.

"Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣé wọn ò tíì yí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà padà?"

"Wọn ò yí i."

"Ẹ sọ fún aládùúgbò kó máa lọ sọ́jà tirẹ̀. Mò ń bọ̀."

Nígbà tí Báàsì padà wọlé, ó nu ẹ̀rọ mọ́, ó sì fi ètò tuntun sí i. Ìmọ́lẹ̀ rọra tàn, ojú ẹ̀rọ mọ́ lóló, kò sí ìpolówó kankan. "Ó ku páásíwọ́ọ̀dù," ni ó wí. "Mà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yàn án. Kó gùn. Kó má sì jẹ́ orin."

Tíṣà jókòó, ó gbé ojú súnmọ́ ibi ìtẹ̀wé títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó yí padà. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jáde ná."

Wọ́n jáde. Báàsì gbé àpò rẹ̀, ó kí Ọ̀gá Akọrin, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gá Akọrin dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́la, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, yóò dúró níwájú akọrin, yóò sọ fún wọn ohun tí ó ṣe. Kò mọ ohùn tí yóò fi sọ ọ́. Láti inú yàrá ó ń gbọ́ ìka ìyàwó rẹ̀ tí ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí ó tẹ ọ̀kan, tí ó dúró, tí ó tún wá òmíràn. Ó wù ú kí ó wọlé lọ ràn án lọ́wọ́. Ó rọra fa ilẹ̀kùn náà títí ó fi pa dé, ó sì dúró níta.