Maikirofóònù Tó Gbọ́ Yorùbá

Nígbà tí ìjà Warri rọlẹ̀, Zachariah lọ sí àdúgbò Okere níbẹ̀ láti ra maikirofóònù tí wọn yóò fi gba orin ìyàwó rẹ̀ olóògbé sínú kásẹ́ẹ̀tì, kó má baà parun. "Ẹ má sá" ni orin náà.

Adéfọláhàn, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ni ṣọ́ọ̀bù, gbé ọ̀kan tó ń dán jáde. "Baba, na dis one big men dey buy."

Zachariah kọ orin náà sí i láti dán an wò. Ohun tó gbọ́ padà ni "Ẹ má ṣá."

"Ṣé aṣọ tó fẹ́ ṣá ni ìyàwó mi ń kọrin fún?"

Ó dán àlòkù olówó pọ́ọ́kú kan wò. "Ẹ má sá" jáde ketekete. Ó rà á.

Nílé, Ìkúnayọ̀ ọmọ rẹ̀ kọrin sí i. Nígbà tí wọ́n tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, àwọn aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n sá lọ dé gbè é lóhùn gooro.