Dàńṣíkí Tí Nọ́fíù Wọ̀ Wá Tọrọ Mi

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ dàńṣíkí yìí, màá bá a jà. Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín nílé wa ní Jímọ̀ tó kọjá ti tó mi jẹ di Iléyá. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì lè dé ọjà Arzèkè láti ìgbà náà.

Gàmbàrí ni bàbá mi. Gàní lorúkọ wọn, obì ni wọ́n ń tà, obì náà ló sì gbé wọn láti Kánò dé Parakou kí wọ́n tó bí mi. Yorùbá Ṣábẹ̀ ni ìyá mi. Nítorí náà, èdè méjèèjì ni mo fi ń bú èèyàn bí inú bá bí mi. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni Nọ́fíù náà. Ó ń wa kámíọ̀ ẹrù lọ sí Malanville, ilé wọn sì wà ní àdúgbò Banikanni, tó jìnnà sí tiwa. Èmi ni mo yàn án. Bàbá mi ti ní ẹlòmíràn lọ́kàn fún mi, bàbá kan tó ń ta màlúù. Mo sunkún, mo kọ oúnjẹ, títí wọ́n fi ní kí Nọ́fíù kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá.

"Bí mo bá rí i tó wù mí, ìwọ lo ni ín," ni bàbá mi wí. "Bí kò bá wù mí, oníṣòwò màlúù lo máa fẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Nọ́fíù. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà òmìnira, dàńṣíkí ti gba ìgboro yìí kan. Gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tó lajú ló ń wọ̀ ọ́, wọ́n ní aṣọ Òyìnbó ti tán, aṣọ àwa aláwọ̀ dúdú ló kù. Kò burú. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé: "Nọ́fíù, gbọ́ mi dáadáa. Àwọn bàbá mi ló ni orúkọ yẹn. Ní èdè wọn, 'dan' ni ọmọ, 'ciki' ni inú. Aṣọ inú ni, abẹ́ agbádá ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí. Bí o bá wọ òun nìkan wá síwájú bàbá mi, bí ẹni wọ pátá wá tọrọ ìyàwó ni. Gbé agbádá lé e." Ó ní òun gbọ́. Ó tún fi Ọlọ́run búra pé òun gbọ́.

Jímọ̀ pé. Èmi, ìyá mi àti Àràmọ́tù, àbúrò ìyá mi, wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, à ń yọjú. Wọ́n wọlé. Háà! Tìjáànì aránṣọ, ẹ̀gbọ́n Nọ́fíù tó tọ́ ọ dàgbà, ló ṣáájú. Àgbà méjì tẹ̀ lé e, Nọ́fíù ló kẹ́yìn. Dàńṣíkí ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n fi òwú funfun ṣe ọ̀nà sí i lọ́rùn, ó sì dára ní tòótọ́. Kò sí agbádá kan ṣoṣo láàárín wọn. Gbogbo apá wọn wà níta gbangba.

Àràmọ́tù kọ́kọ́ fi gèlè dí ẹnu. Nígbà tó yá, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Àmínà, ṣé olè ló dá ọkọ ẹ lọ́nà ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi náà bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ilẹ̀ lanu kí n wọ inú rẹ̀ lọ. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kí àwọn àlejò, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n wá bi wọ́n pé, "Ṣé àlàáfíà lẹ dé? Níbo lẹ bọ́ aṣọ yín sí?"

Tìjáànì yọ àyà síta. "Bàbá, aṣọ wa nìyí. Ọwọ́ mi ni mo fi rán an. Aṣọ Yorùbá gidi ni, bàbá bàbá mi wọ̀ ọ́ ní Ṣábẹ̀."

"Mo gbà pé wọ́n wọ̀ ọ́," ni bàbá mi dáhùn. "Ọ̀dọ̀ wa lẹ ti mú un, tòun ti orúkọ rẹ̀. Ẹ mú aṣọ inú, ẹ fi ti òde sílẹ̀ fún wa." Wọ́n kọjú sí Nọ́fíù. "Ìwọ tí ò ń ná Malanville láàárín àwa Gàmbàrí, ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún ọ rárá?"

Mo di aṣọ ìkélé mú. Mo ń wí nínú mi pé, sọ ọ́, Nọ́fíù, sọ pé Àmínà sọ fún ẹ. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó padà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kò sí, Bàbá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Hẹn-ẹn! Mo ti di kò-sẹ́ni. Èmi tí mo febi pa ara mi nítorí rẹ̀, èmi tí mo jókòó kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kéwú! Ti aṣọ yẹn, mo lè gbà á. Ǹ bá bá wọn rín ẹ̀rín náà títí yóò fi rọlẹ̀. Èyí, mi ò lè gbà á.

Àánú wọn ṣe bàbá mi. Wọ́n ní àlejò tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Wọ́n pè mí pé kí n kó agbádá wọn jáde nínú àpótí, kí n fi wọ àwọn àlejò kí ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, nǹkan ti fẹ́ dáa. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, mo ti di ìyàwó Nọ́fíù nìyẹn. Bí mo bá la ẹnu, oníṣòwò màlúù ń dúró dè mí. Mo kó agbádá jáde. Mo fún Tìjáànì, mo fún àwọn àgbà. Nígbà tó kan Nọ́fíù, ọwọ́ mi kọ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní, "Nọ́fíù, ṣé èmi ò sọ fún ẹ?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá mi lóhùn, ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, má bínú. Ó sọ fún mi pé o wí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó panu mọ́, ṣé obìnrin ni yóò máa kọ́ wa láṣọ wíwọ̀ ni? Ó sì panu mọ́. Ọmọ gidi ni, kì í bá mi jiyàn."

Àràmọ́tù pàápàá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo wo Nọ́fíù níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní kó lé mi lọ́la, yóò ní òun kò níyàwó rí láyé òun. Ojú tì mí fún un. Ojú tún tì mí fún ara mi, pé ẹni tí mo sunkún lé lórí nìyí.

"Bàbá," mo ní, "mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Bàbá mi kò bi mí nídìí. Tìjáànì ti bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pariwo, ó ń jáde lọ. Nọ́fíù dìde kó tẹ̀ lé e. Bàbá ní kó dúró. Wọ́n gba agbádá tó kù lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ ara wọn fi wọ̀ ọ́, wọ́n ká apá rẹ̀ lé èjìká fún un, wọ́rọ́wọ́rọ́.

"Ọ̀nà Banikanni jìn, ọ̀sán gangan sì ni," ni wọ́n wí fún un. "Má jẹ́ kí wọ́n rí ọ nínú aṣọ inú. Má sì wulẹ̀ dá a padà wá."