Ọlọ́rọ̀ Tó Ru Yìnyín Lọ́sàn-án Gangan

Bí o bá rí Otto Rusk lọ́sàn-án Sátidé yẹn, wàá rò pé wọ́n fẹ́ lọ yẹgi fún un ni. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ tó gùn gbọọrọ bíi pósí, ṣẹ́ẹ̀tì sílíkì lọ́rùn, bàtà funfun lẹ́sẹ̀, òógùn ń kán lágbọ̀n. Kò gbójú kúrò lára fèrèsé ilé ìdáná kan ní òdìkejì títì. Ohun kan ṣoṣo tí ó torí rẹ̀ wá owó láyé, ojú fèrèsé yẹn ni yóò ti gbọ́ èsì rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Fèrèsé ṣófo.

Leona ló ni ilé ìdáná. Wendell Thorne, ọkọ rẹ̀, ló ni ilé, ló ni títì, ó sì ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni oòrùn náà. Nígbà tí Leona ṣì jẹ́ ọmọge nílé bàbá rẹ̀ ní Brooklyn, yìnyín tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ tutù ni Otto ń rù kiri àdúgbò. Ilé tó bá fẹ́ yìnyín á gbé káàdì sójú fèrèsé, oníyìnyín á rí i láti títì, á gé e, á gbé e kọ́ èjìká, ó di inú ilé ìdáná. Bí Leona bá dá nìkan wà nílé, orí kodò ni yóò gbé káàdì náà sí. Ha! Kò sí ilé tí yìnyín wọn ń tètè yọ́ tó tiwọn. Ó ń yọ́, ó ń yọ́, títí bàbá fi ká wọn mọ́. Bàbá kò pariwo. Ó kàn ní ọmọ òun kò ní fẹ́ ẹrù tó ń rìn.

Otto bá tirẹ̀ lọ. Òfin ti ka ọtí léèwọ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà, ọ̀fun sì ń gbẹ gbogbo Amẹ́ríkà. Otto fi ọkọ̀ ojú omi ń kó ọtí wọlé láti Kánádà. Owó dé. Ó kọ́ ilé tí àlejò ń sọnù sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, Leona ti wọlé Thorne.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe kòńgẹ́ níbi ìgbéyàwó ojúlùmọ̀ kan. Leona sọ̀rọ̀ sínú ife tó mú dání, bí ẹni ń fẹ́ tíì: "Wo fèrèsé mi lọ́sàn-án Sátidé. Bí mo bá máa bá ọ lọ, wàá rí káàdì ní orí kodò. Bí o kò bá rí i bẹ́ẹ̀, Otto, jọ̀ọ́, má yọ mí lẹ́nu mọ́."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ṣi fèrèsé wò?" Mulvey béèrè láti ìdí ọkọ̀. Mulvey ni dírẹ́bà rẹ̀. Mulvey yìí kan náà ni ọ̀gá Otto nídìí yìnyín, tó máa ń fi ohùn nà án ju bó ṣe ń na ẹṣin lọ. Ayé yí padà, ó ń pe Otto ní ọ̀gá. Bí inú bá bí i nìkan ló máa ń gbàgbé.

"Tiwọn ni."

"Káàdì wá dà? Èyí tó tiẹ̀ nàró kò sí níbẹ̀. Àbí wọn kì í mu omi tútù ni?"

"Wọ́n ń mu ún." Otto fa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Wọ́n ti ní fíríìjì."

"Fíríìjì oníná? Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́rú."

Mulvey yí ọrùn padà, ó rọra yí i bí ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀wọ̀n. "Ta ló fún wọn?"

Otto ń wo bàtà rẹ̀.

"Otto Rusk, mo ní ta ló fún wọn!"

"Mo ní kí ilé ìtajà sọ fún wọn pé wọ́n jẹ ẹ́ nínú tẹ́tẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n, mo gba ibí kọjá lọ́jọ́ Ajé, mo rí oníyìnyín kan lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Ó ga, ó ń rẹ́rìn-ín, Leona náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà mọ nǹkan tí oníyìnyín máa ń ṣe!"

"Mo mọ nǹkan tí ìwọ ṣe!" Mulvey lu ìdarí ọkọ̀. "Ọkùnrin tó ń kó ọtí gba abẹ́ imú ọlọ́pàá! Ta ló ń gbé káàdì yìnyín sójú fèrèsé nígbà tí kò ra yìnyín mọ́? Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ìwọ fi tìrẹ di ara rẹ lẹ́nu!"

Otto ti bọ́ sílẹ̀. Ní ìkóríta, ó bá ọkọ̀ oníyìnyín, ó kó dọ́là lé onítọ̀hún lọ́wọ́ láìwò ó, ó gba ẹ̀mú, ó gbé odindi yìnyín kan kọ́ èjìká. Nígbà kan, bí ìrọ̀rí ló ṣe ń gbé e. Lọ́jọ́ yìí, orókún rẹ̀ ń bá a jiyàn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ìdáná, ó fi ẹsẹ̀ kàn án.

Leona ṣí i. Ó wo yìnyín, ó wo sílíkì, ó wo ojú. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín Brooklyn gan-an, Otto náà rẹ́rìn-ín, ó sì dá a lójú pé ó ti parí, òun ti gbà á.

"Kò síbi tí a máa gbé e sí, Otto."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fi ẹ̀rọ yẹn ránṣẹ́. Ẹ̀bi mi ni. Fi ẹnu sọ ọ́, ọkọ̀ wà níta."

Ẹ̀rín kúrò lójú Leona. "Ìwọ? Kí ló dé?"

"Mo rí ọkùnrin kan níbí..."

"Ó ń sọ fún mi pé ìyàwó òun bí ìbejì ni!" Leona fara ti tábìlì. "Kúùkù ti sun káàdì níná nígbà tí fíríìjì dé. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá a. Mo tú ìdọ̀tí, èmi! Ká ní mo rí i láàárọ̀, ǹ bá ti wà nínú ọkọ̀ rẹ. Àpò mi nìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Gbé e, ká lọ!"

"Jẹ́ kí n parí. Mo ní kí n gé páálí míì. Àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi, Otto, mi ò gé e. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí, mo sì rí i pé ara tù mí pé mi ò rí káàdì." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Mi ò tíì mọ ìdí ẹ̀ nígbà yẹn. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi. O rí ẹni tó ń bá mi rẹ́rìn-ín, o ra ẹ̀rọ tí yóò lé e lọ. Bí Wendell náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣé kí n kúrò nílé Wendell lọ sílé Wendell ni?"

Otto tún yìnyín gbé léjìká. Omi yìnyín ń ṣàn wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni Wendell Thorne yọ láti inú ilé pẹ̀lú ìwé ìròyìn lọ́wọ́.

"Ta nìyí?"

Ojú Leona funfun bí àwo. Ó wo àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu Otto, ilé náà á wó lé gbogbo wọn lórí. Bẹ́ẹ̀ ló sì ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún ọkùnrin yìí sórí.

"Oníyìnyín ni, sà," ni Otto wí.

"Wọn ò sọ fún ẹ pé a ti ní fíríìjì? Gbé e jáde, ó ń kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mi." Wendell wá owó ẹyọ kan jáde nínú àpò. Ọtí ń rùn lẹ́nu rẹ̀, ọtí Otto gan-an. "Gbà. Fi wá nǹkan mu, bí o bá rí i."

Otto na ọwọ́, ó gbà á. "Ẹ ṣé, sà."

Leona ti kọjú sí ògiri.

Mulvey ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ dè wọ́n. Ó rí Otto nìkan tó ń bọ̀, yìnyín ṣì wà léjìká rẹ̀, bí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀. Mulvey rọra bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kò bú u.

"Mo rí ọkọ ẹ̀ tó wọlé bá yín. O ò sọ ẹni tí o jẹ́ fún un ni?"

"Mo sọ fún un," ni Otto wí. Ó jókòó sórí yìnyín náà nínú oòrùn, ó ń gbọ̀n.