Òǹtẹ̀ “A Ò Gbà Á”

Bogna ń rán kọ́là ẹ̀wù kẹta lọ́wọ́ fún ìdánwò iṣẹ́ nígbà tí Zenon, ọ̀gá ilé ìránṣọ, lu òǹtẹ̀ “A ò gbà á” sí ìwé tí ọ́fíìsì aláìníṣẹ́ ìlú Łódź ní Poland fi rán an wá.

“Mo ní a ò gbà yín, màdáámù. Owó tí ìjọba ń san fún yín torí ẹ ò níṣẹ́ ò ní dúró.”

“Ta ló bẹ̀ yín? Iṣẹ́ ni mo wá gbà!”

“Òǹtẹ̀ yìí ni gbogbo ẹni tí wọ́n ń rán wá ń bẹ̀bẹ̀ fún.”

“Ṣé ẹni tó wá gbòǹtẹ̀ ló máa rán kọ́là mẹ́ta?”

Zenon yẹ àwọn kọ́là náà wò. Ó fi bíírò fagi lé òǹtẹ̀ náà, ó kọ “A gbà á” sábẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Bogna parí kọ́là kẹta, ó gé òwú, ó sì mú ìwé rẹ̀ lọ fi han ọ́fíìsì aláìníṣẹ́.