Ojú Tó Yẹ Kó Máa Wò Mí

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ Olúṣẹ̀yẹ lórí òkè yẹn: kó máa wò mí. Mi ò ní kó pọ̀n mí, mi ò ní kó bá mi gbé ẹrù. Kó ṣáà máa wò mí ni.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ká ṣègbéyàwó. Ó ní òun ò lè gbé ìyàwó láì kọ́kọ́ gun orí òkè lọ gbàdúrà, bí bàbá òun ṣe ṣe nílé. Mo ní kò burú, àmọ́ òkè Wicklow nílẹ̀ Òyìnbó tá a wà yìí kì í ṣe òkè àdúrà ilé wa tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe àtẹ̀gùn sí. Oṣù kẹta la wà, òjò dídì ṣì bo ẹ̀gbẹ́ òkè. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Finglas, orí òkè ni mo ti ń lo ọjọ́ ìsinmi mi, mo sì ti lọ kọ́ nípa òjò dídì ní Scotland. Mo kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ọmọ. Mo ní òtútù òru ló ń mú kó dì, oòrùn ló ń tú u, nítorí náà àárọ̀ kùtù ni kéèyàn kọjá. Tí ẹsẹ̀ bá ti ń rì dé orúnkún, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè lè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ni kó máa kọjá, kí ẹnì kejì dúró síbi tó le, kó máa wò ó láì ṣẹ́jú. Tó bá bo èèyàn mọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn ni wọ́n máa gbẹ́. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọjá, òkú ni wọ́n sábà ń wú jáde.

"O gbọ́?" mo bi í.

"Kòfo, I hear you jàre. Ojú mi ò ní kúrò lára ẹ."

Aago mẹ́jọ la dókè. Mo ní ká kúrò ní mẹ́sàn-án, àdúrà Olúṣẹ̀yẹ ò parí títí mọ́kànlá fi kọjá. Nígbà tá a padà dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tá a gbà wá láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi rì dé orúnkún. Mo ní ká yí gba ẹ̀yìn òkè, wákàtí méjì péré ni. Ó wo aago rẹ̀, torí pé ìdánrawò kọ́áyà wà nírọ̀lẹ́.

"Lẹ́yìn gbogbo àdúrà yẹn, Kòfo? Ìgbàgbọ́ ẹ dà?"

Ìwà òmùgọ̀ ni tèmi náà, mi ò ní fi bò. Mo gbà.

"Ó dáa. Ṣẹ̀yẹ, máa wò mí o."

"Máa lọ. Mò ń wò ẹ́."

Mo ti dé ìdajì nígbà tí òjò dídì náà ya lábẹ́ mi. Ó gbé mi, ó yí mi po, ó wá dì mọ́ mi bíi sìmẹ́ńtì, mi ò lè gbé ìka kan. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn ni pé Ṣẹ̀yẹ rí mi, pé ó ń bọ̀.

Òun kọ́ ló wú mi. Tọkọtaya Òyìnbó arúgbó kan tó jókòó lódìkejì, tí wọ́n ń mu tíì, ni wọ́n rí ibi tí mo wọlẹ̀ sí. Wọ́n fi ọwọ́ àti ìdérí abọ́ oúnjẹ wọn gbẹ́ mi. "You're grand, love, you're grand," ìyá náà fi ń tù mí nínú. Olúṣẹ̀yẹ wà lókè lọ́hùn-ún, ó ń gbẹ́ ibi tí kò sí nǹkan kan. Ó ní ìkùukùu ló bo ojú òun. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà o, àmọ́ mo gbà á gbọ́, mo tiẹ̀ tún rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ìjọ wa ní Coolock, Pásítọ̀ Emmanuel gbé maikirofóònù fún un kó jẹ́rìí.

"Bí Kòfo ṣe gbé ẹsẹ̀ sórí snow yẹn, àyà mi já. Mo ní, Baba, it's you o. Mo di ojú mi méjèèjì, mo ń fi èdè àjèjì gbàdúrà. Mi ò lajú àfìgbà tí mo gbọ́ ariwo. Church, àdúrà yẹn ló yọ ọ́!"

Ìjọ hó yèè. Kò dárúkọ àwọn arúgbó yẹn rárá.

Ìyá Patience tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ọmọ mi, o ṣoríire. Irú ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n."

Ó dùn mí wọ egungun. Jésù tó ní ká máa gbàdúrà, ṣé kò kọ́kọ́ ní ká máa ṣọ́nà ni? Ẹni tí mo fi ẹ̀mí mi lé lójú, ó di ojú náà, ó parọ́ ìkùukùu fún mi, ó wá ń fi mí gba ògo lójú ìjọ.

"Ẹ jẹ́ ká di ojú wa," ni Pásítọ̀ wí, "ká dúpẹ́ lórí àwọn méjèèjì."

Gbogbo wọn dijú. Ti Olúṣẹ̀yẹ le jù, ó dì í pinpin, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo bọ́ òrùka àdéhùn tó fi sí mi lọ́wọ́, mo gbé e lé orí Bíbélì rẹ̀ tó wà lórí àga, mo mú kóòtù mi, mo sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Mo ti jókòó sínú bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó ṣe àmín. Tó bá lajú, kó máa gbẹ́ ibi tó bá wù ú.