Obìnrin Onífáìlì

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká kúkú sọ ọ́ tán: ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ ìdìbò jù lọ nínú ọgbà ẹ̀fọ́ tó wà nítòsí pápá Parsloes kò dìbò rí nílùú òyìnbó.

Adéyanjú lorúkọ rẹ̀. Ó wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti pẹ́ ní àdúgbò Becontree débi pé ó ń pe gbogbo ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní "àwọn àlejò yìí." Káńsù yá a ní ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ibẹ̀ ló ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewúro, àti ata tó ń fi ọ̀rá bò nítorí òtútù. Ṣùgbọ́n ohun tó ń hù níbẹ̀ ju ẹ̀fọ́ lọ ni èrò Adéyanjú lórí ìjọba.

"Clement, èmi ni mo dìbò gbé wọn wọlé," á wí fún bàbá òyìnbó tó ń gbin ọ̀dùnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èmi náà ni màá fi ìbò lé wọn dànù."

"Àárọ̀ ṣúlẹ̀ lo wà níbí lọ́jọ́ ìdìbò, Adé. Ìgbà wo lo lọ?"

"Kí ìwọ tó jí."

Clement á rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n, á sì máa ṣa ìgbín tí kò ní ìkarahun kúrò lára kábéèjì rẹ̀.

Ìwé ìgbélùú ni Adéyanjú ní. Kò tíì di ọmọ ìlú. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jókòó ṣèdánwò tí wọ́n fi ń di ọmọ ìlú, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló fìdí rẹmi. Ọ̀mọ̀wé bíi tirẹ̀, tó ń ka ìwé ìròyìn láti ojú ìwé kìíní dé ibi eré bọ́ọ̀lù! Wọ́n bi í nípa àwọn ìyàwó ọba kan láyé àtijọ́, kò rántí èyí tí wọ́n bẹ́ lórí àti èyí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan, Olúbùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọ́. Ó sì dá a lójú pé ẹni tí kò bá ní pásípọ́ọ̀tù òyìnbó kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àpótí ìbò.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, àwọn kan tí kò fẹ́ àlejò so àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ òpó iná káàkiri àdúgbò. Rédíò ń sọ pé ìjọba fẹ́ tún òfin ìgbélùú yẹ̀ wò. "Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn," ni Adéyanjú wí fún Clement. Nígbà tó ń relé, ó ń ka àsíá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn, ẹ̀mí gbé Wòlíì Moṣọpẹ́. "Mo rí obìnrin kan, ó gbé fáìlì lọ́wọ́, ó ń kan ilẹ̀kùn dúdú. Orúkọ baálé ilé ló ń béèrè. Kí onítọ̀hún yáa gbàdúrà!"

Ìjọ ké "Àmín!" Adéyanjú, tó wà láìwọ bàtà bíi gbogbo wọn, ké tirẹ̀ sókè ju ti gbogbo ìjọ lọ. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ dúdú.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun nìkan ló wà nílé nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì: obìnrin kan, káàdì lọ́rùn, fáìlì lábíyá. Akọni tí kì í bẹ̀rù ìjọba kankan bá nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ bo ẹnu kí èémí rẹ̀ má bàa ròde. Bébà kan já bọ́ láti ihò lẹ́tà. Káńsù ni, nípa ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Obìnrin náà yóò padà wá ní Sátidé.

Ó yé Adéyanjú wàyí. Ẹnì kan ti lọ sọ pé ó ń dìbò. Ta sì ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ bí kò ṣe Clement? Irùngbọ̀n yẹn! Bí wọ́n bá mú un, ẹ̀wọ̀n ni. Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, bàálù Èkó.

Lọ́jọ́rú, ó ra ọ̀dà, ó sì kun ilẹ̀kùn ní àwọ̀ ewé.

"Bàbá Tóbi, kí lẹ ń ṣe?" Olúbùsọ́lá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Dúdú ti sú mi."

"Ó wá sú yín lójijì báyìí? Ẹ tiẹ̀ ti fi ọ̀dà lẹ ihò lẹ́tà pa."

"Kò sí lẹ́tà tí mò ń retí."

Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Oorun kò kùn ún. Mọ́tò tó bá ti dúró lójúde, ó ti wá gbé e nìyẹn. Nígbà tí Sátidé mọ́, ó sá lọ sọ́gbà, ó ti ara rẹ̀ mọ́ inú ahéré onípákó tó ń kó ọkọ́ sí, ó jókòó sórí àpò ajílẹ̀.

Wọ́n kan pákó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

"Adé, ṣé ìwọ ló wà níbẹ̀? Mo gbé tíì wá."

"Clement, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Kí lo fi ṣe mí? Ṣúgà mélòó?"

Kó tó dáhùn, fóònù rẹ̀ dún.

"Bàbá Tóbi, obìnrin káńsù ti wá o."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo fún un lórúkọ yín. Mo ní ọmọ Nàìjíríà ni yín."

"O pa mí, Olúbùsọ́lá! O pa mí!"

"Kí lẹ fẹ́ kí n pè yín, ọmọ Jàmáíkà? Ó ya obìnrin náà lẹ́nu pé orúkọ yín ò sí nínú ìwé olùdìbò látọjọ́ yìí. Mo ní ẹ ò fẹ́ràn òṣèlú."

"Èèyàn tó ní ìwé ìgbélùú lásán ò gbọ́dọ̀ dìbò!"

"Ta ló sọ fún yín? Ọmọ Commonwealth ni wá, àwọn ilẹ̀ tí òyìnbó ṣàkóso rí; òfin gbà wá láyè láti dìbò níbí. Pásípọ́ọ̀tù òyìnbó wo lẹ rí lọ́wọ́ èmi náà? Àtìgbà tí Tóbi ti wà ní nọ́sìrì ni mo ti ń dìbò."

Tóbi ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tí Adéyanjú ti gba ìwé ìgbélùú, kò sí òfin kankan tó ní kó má dìbò.