Ìdàpọ̀, Ìdìpọ̀

Ojú ìwé kẹtàlélógójì ni abẹ́rẹ́ ti gún obìnrin tó ń di ìwé náà. Ó fi ìka sẹ́nu, ó sì tún ìlà tó kẹ́yìn ojú ìwé náà kà: "Yàrá ìdìwé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kékeré yóò di títì. Ẹ̀rọ yunifásítì ńlá ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà."

Yàrá tirẹ̀ nìyẹn. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń di ìwé níbẹ̀, òun àti tábìlì kan, ìgò gọ́ọ̀mù, àti fèrèsé tó kọjú sí odò. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa rò pé nọ́ọ̀sì ni, wọn a sì máa yọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Gbogbo ayé ló gbà pé ẹni tó ń di ìwé kì í kà á. Irọ́ gbuu ni. Ẹni tó bá fẹ́ to ojú ìwé láìṣàṣìṣe gbọ́dọ̀ wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà tó kẹ́yìn, ẹni tó bá sì ti tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, oúnjẹ ló ń jẹ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ nípa kòkòrò tó ń jẹ igi, nípa òfin ilẹ̀, àti nípa ohun tó ń mú kí afárá wó.

Ti afárá yẹn, inú ìwé tí àbúrò rẹ̀ fi gboyè dókítà ló ti kà á. Olùkọ́ ni àbúrò náà ní yunifásítì ńlá tó wà lódìkejì odò, òun ni wọ́n sì yàn pé kó wá sọ fún gbogbo èèyàn, ní ọ̀sán òní, ìdí tó fi yẹ kí wọ́n da ọgbà kékeré pọ̀ mọ́ tiwọn. Òun ló kọ ìwé tó wà níwájú obìnrin yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé bébà rẹ̀ wá lánàá, nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tì, pé kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun di ẹyọ kan tó máa wà níwájú alága. Ó mu omi, ó bú fèrèsé tí kì í fẹ́ pa dé, ó béèrè bí orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Kò mẹ́nu ba ojú ìwé kẹtàlélógójì.

"Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n," ni obìnrin náà wí fún abẹ́rẹ́.

Inú bí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò mọ̀ pé inú ń bí èèyàn. Ó rán ìwé náà tán, ó lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó to lẹ́tà irin, ó fi iná mú un gbóná, ó sì tẹ wúrà sí i. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Orí rẹ̀ wà lódìkejì odò.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn olùkọ́ ń fi bébà fẹ́ ara wọn. Àbúrò rẹ̀ dìde, ó sọ̀rọ̀ nípa òrùlé yàrá àyẹ̀wò tó ń jò, nípa olùkọ́ tí kò tó, nípa bí ọwọ́ kan kò ṣe lè gbé igbá dé orí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó sì mọ̀ ọ́n sọ, débi pé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wú lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ìyẹn ló tún wá bí i nínú jù.

Ìgbà náà ni alága, adájọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìwé sókè, ó sún awò ojú rẹ̀ sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Dókítà, láti ìgbà tí ẹ ti dìde lẹ ti ń sọ pé ìdàpọ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yìn ìwé yín ń sọ pé ìdìpọ̀?"

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn. Láti ọdún méjìlélógún wá, ÌDÌPỌ̀ KÌN-ÍN-NÍ, ÌDÌPỌ̀ KEJÌ, ÌDÌPỌ̀ KẸTA ni ọwọ́ obìnrin yìí ti ń tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ńláńlá. Lónìí tí kò ráyè ṣọ́ ọwọ́ náà, ọ̀nà tó mọ̀ ló gbà. Ìtìjú mú un bíi kí ilẹ̀ lanu. Ó ṣàkíyèsí pé ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, àbúrò rẹ̀ sì ni.

Ó dìde. "Ẹ má bínú, sà. Àṣìṣe ọwọ́ mi ni."

"Kò burú, ìyá wa. Ìyàtọ̀ wo ló tilẹ̀ wà níbẹ̀?"

Ì bá jókòó. Àwọn tó yí i ká tilẹ̀ ti yẹra kó lè jókòó.

"Ìyàtọ̀ wà, sà. Tí ẹ bá da omi ife méjì pọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ tiẹ̀ mọ́. Tí mo bá di ìwé méjì pọ̀, kálukú ṣì ní ojú ìwé tiẹ̀. Okùn ló kàn so wọ́n." Ó nawọ́ sí ìwé tó wà lọ́wọ́ alága. "Ohun tó wà nínú ìwé yẹn, dídà ni. Mo kà á. Ẹ wo ẹ̀tàdínlógójì, wọ́n pa ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án rẹ́. Ẹ wo ogójì, wọ́n kó ilé ìkàwé lọ. Ẹ̀tàlélógójì, yàrá tèmi nìyẹn."

Alága ń ṣí ìwé, ó ń kà.

"Dókítà," ni ó wí, "èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì?"

Àbúrò náà yọ awò rẹ̀, ó nù ún. "Dídà ni wọ́n ní kí n kọ, sà. Tí ẹ bá fún mi láàyè, màá tún un kọ."

Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Oòrùn ti ń wọlé láti ojú fèrèsé nígbà tí àbúrò náà dé yàrá ìdìwé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìwé náà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi tú u."

"Jókòó. Ìwọ lo máa tú u." Ó fún un ní ọ̀bẹ kékeré. "Má fi ọwọ́ fà á. Okùn ni kó o gé, má gé bébà."

Ó ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí rẹ̀ ti ń pá láàárín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ò tíì bá mi jà," ni ó wí.

"Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn."

Ó yọ ojú ìwé kẹtàlélógójì, ó gbé e sórí tábìlì. Obìnrin náà tún wò ó: ẹ̀rọ yunifásítì ńlá, tó ń di ọgọ́rùn-ún ìwé ní wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Kí wá ló gbé èèyàn tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọdá odò nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìdì bébà, wá bá obìnrin kan tó ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé? Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo, àbúrò rẹ̀ yìí, ló mọ̀ pé obìnrin náà kì í rán ohun tí kò kà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Èyí tí ẹnu àbúrò rẹ̀ kò lè gbé, ó fi bébà gbé e.

Ó fa okùn tuntun yọ, ó fi itọ́ tọ́ orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ihò abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀tàlélógójì yẹn, kọ ọ́ dáadáa," ni ó wí. "Màá kà á."

"Mo mọ̀," ni àbúrò rẹ̀ dáhùn, kò gbójú sókè.